Òjé Ẹ̀yìnkùlé Màmúdù

Bí ẹ bá rí Karimat níwájú ilé ọkọ rẹ̀ ní Bẹyẹrúńkà, ẹ ó ní obìnrin tí kò lẹ́jọ́ lọ́rùn ni. Ẹjọ́ wà níbẹ̀ o, ẹjọ́ ńlá!

Oyún Zakariyya wà nínú rẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Màmúdù bàbá Jubril, ẹ̀gbọ́n ọkọ, ló gbọ́ gbogbo bùkátà: òun ló ṣe ìkómọ, òun ló gba ṣọ́ọ̀bù tí Karimat ti ń ta ọṣẹ. Bátìrì ọkọ̀ ni Màmúdù ń tún ṣe. Ogójì ọdún ló fi ń fọ́ ògbólógbòó bátìrì lẹ́yìnkùlé ilé kan náà, tó ń yọ́ òjé inú rẹ̀, tó ń da omi bátìrì sílẹ̀ yàà. Koríko ò hù níbẹ̀ mọ́. Ta ni yóò bá a wí? Ẹnu jẹ, ojú tì.

Zakariyya ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé. Wọ́n ní májèlé ni òjé, kì í jẹrà. Bó bá ti wọlẹ̀, ọmọ-ọmọ ni yóò bá a níbẹ̀. Owó wà tí wọn yóò fi wa ilẹ̀ tó bàjẹ́ kó lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bà á jẹ́ yóò san ìtanràn. Màmúdù ti gbọ́ ìró wọn, ó ti da yanrìn bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé.

"Màdáàmù, ṣé wọ́n ń fọ́ bátìrì níbí?"

Ìyàwó ilé wo ni yóò nàka sí ẹ̀gbọ́n ọkọ? Karimat ní, "Rárá o, sà. Yanrìn ìkọ́lé nìyẹn." Wọ́n bá kọjá sí ilé kejì, wọ́n wa ilẹ̀ ibẹ̀ kó lọ.

Zakariyya ti pé ọdún méje báyìí. Inú ń run ún lójoojúmọ́, kò sì lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní òjé ni. Karimat sáré dé ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ ọjọ́sí, ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Rachel, akọ̀wé ibẹ̀.

Rachel ní, "Màdáàmù, owó yẹn ti tán. Ilé tó jẹ́wọ́ nígbà yẹn la ṣe. Àwọn ọ̀gá wa ti ṣírò irú rẹ̀: wíwa ilẹ̀ yín yóò gbówó ju ilé náà fúnra rẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí àwọn tó wà nírú ilé bẹ́ẹ̀ kó kúrò níbẹ̀ ni."

"Kí n kó ọmọ mi lọ síbo?"

Rachel pe ẹni tó kàn.

Màmúdù ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé. Kò béèrè ọmọ. Ó ní, "Ìyá Zakariyya, o ò dárúkọ mi, àbí?"

"Mo dárúkọ yín, Bàbá Jubril. Wọ́n ní ó ti pẹ́ jù, àwọn ò lè ṣe nǹkan kan mọ́."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó ní, "Alhamdulillahi."