Àtàǹpàkò Ẹ̀gbọ́n Rasheedah

Ẹ̀gbọ́n Rasheedah, tí a jọ ń di ẹrù sínú páálí ní ilé ìkẹ́rù kan ní Foothills, níbí ní òkè òkun, kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ìbò ọdún 2021, tí Kòrónà ṣì ń jà, ni àkọ́kọ́ tó máa dì lẹ́yìn tó di citizen ìlú yìí.

Lọ́jọ́ ìbò, ọ̀gá wa ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde títí di aago méje alẹ́, torí Kòrónà ti sé ìdajì òṣìṣẹ́ mọ́lé. Ẹ̀gbọ́n ní ìbò á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà yẹn, pé òfin sì fún òun láàyè láti kúrò níbi iṣẹ́ lọ dìbò. Ọ̀gá ní kó di ọdún mìíràn.

“Nílé, ìbọn ni wọ́n fi ń gba ìbò lọ́wọ́ wa,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Ìwọ, clipboard lo gbé dání.” Ó fa mask bo imú, ó jáde.

Ní ibùdó ìbò ní Taradale, ó dìbò tán, ó na àtàǹpàkò sí òṣìṣẹ́ ìbò. Íǹkì ló ń retí, bí wọ́n ṣe ń fi í sí wa lọ́wọ́ ní Nigeria. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí.

Báwo wá ni ọ̀gá ṣe máa rí i pé ó ti dìbò? Bó ṣe padà dé, ó mú marker tá a fi ń kọ̀wé sára páálí, ó kun àtàǹpàkò rẹ̀ dúdú, ó na án sókè kọjá níwájú ọ̀gá.

Kó tó di aago márùn-ún, àwa mẹ́fà tí a fẹ́ dìbò ti bọ́ ìbọ̀wọ́ iṣẹ́, a ń lọ. Ọ̀gá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ bá wa tọ́jú marker yẹn,” ni mo sọ fún un. “À ń bọ̀ wá kun tiwa.”