Ọjọ́ tí ọ̀gá mi méjèèjì fohùn ṣọ̀kan

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìlara fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí níbi iṣẹ́ lónìí, n kò ní purọ́.

Èmi àti Ládì la jọ ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì àwọn awakùsà. Owó oṣù kan náà, ìgbálẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kan ló ní, èmi ní méjì. Akọ̀wé àgbà ní kí n kọ́kọ́ po tíì, ọ̀gá sítọ́ọ̀ ní kí n kọ́kọ́ gbá sítọ́ọ̀. Èyí tí mo bá ṣe, ẹnì kejì á bú mi.

Láàárọ̀ yìí, fúláàsì já bọ́ lọ́wọ́ Ládì, ó fọ́ yángá. Mo ní ó ti wọ gàù lónìí. Ni màdáámù tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ bá sáré jáde:

"Haba, Ládì! Sannu, pẹ̀lẹ́ o. Ṣé kò jó ẹ lẹ́sẹ̀?"

Fúláàsì olówó gọbọi! Èmi tí wọ́n pariwo lé lórí lánàá nítorí ṣíbí kan.

Mo yáa tọ màdáámù lọ ní kọ̀rọ̀, nítorí ó ń wá ẹnì kejì tí yóò máa bá Ládì ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi tọrọ ara mi lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá mi."

Ó lọ. Àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ wọn kì í bára mu rí, wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà:

"Ìyá Táyọ̀ kẹ̀? Rárá o! Ta ló mọ iṣẹ́ bíi tiẹ̀?"

Láti ọdún mẹ́fà, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa yìn mí nìyẹn.

Ládì bú sẹ́rìn-ín. "Màmá Táyọ̀, ẹ̀yin náà ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ́ fúláàsì!"

Ẹ dákun, ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa dúpẹ́ ni? Ẹ sì sọ fún mi: lọ́la, tíì ni àbí sítọ́ọ̀?