Bí Mo Ṣe Lọ Yan Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Lọ́dọ̀ Àna Mi n'Iléṣà

Agogo márùn-ún ìdájí ni mo kúrò nílé wa l'Òkè-Baálẹ̀ n'Òṣogbo, kí n lè dé Iléṣà kí oòrùn tó mú. Ọpọlọ ni mo fẹ́ lọ mú wá. Kí ẹ má bàa bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún mi, ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni: nǹkan pẹlẹbẹ kan bíi bisikíìtì, tó ń bá ẹ̀rọ náà ronú. Iṣẹ́ táípù ni mò ń ṣe nínú pálọ̀ mi. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni mo fi wáyà so pọ̀, ọ̀kan nínú wọn kì í sì í ṣe nǹkan mìíràn ju kó máa tọ́jú iṣẹ́ tí àwọn méjì tó kù bá ṣe.

Inú rẹ̀ ni ìtàn ìgbésí ayé bàbá ìyàwó mi wà, igba ojú ìwé ó lé díẹ̀, tí wọ́n fi ọdún méjì sọ tí mo sì ń tẹ̀. Ọpọlọ ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́, ó wá ń dákú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Bí mo bá ní kí n da ìtàn náà sórí díìsì, á ti kú kó tó dé ìdajì. Bàbá sì ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Bí ìtàn yẹn bá sọnù, kò sẹ́ni tó máa tún un sọ.

Píjó tí mo wọ̀ ti rí ogun. Ogójì náírà ni wọ́n gbà. Ogún náírà ni kí epo tó wọ́n. Wọ́n kó èèyàn mẹ́rin síbi èèyàn mẹ́ta, wọ́n ní ká sún mọ́ra, àfi bíi pé ìfẹ́ ló kó wa jọ. Mo ṣèèṣì sọ ohun tí mò ń lọ rà fún dẹ́rẹ́bà.

“Ẹ gba èyí tó bá tóbi jù, ọ̀gá,” ni ó wí. “Ẹ́ńjìnnì kékeré ò lè gun òkè.”

Nígbà tí a dé òkè tó tẹ̀ lé e, ẹ́ńjìnnì ńlá tiẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀, a ń tì í. Dẹ́rẹ́bà nìkan ló jókòó, ó ń kí wa kú iṣẹ́ láti ojú wíńdò.

Olùkọ́ físíìsì ni bàbá ìyàwó mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Báyìí, àwọn èlò rédíò àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń tà n'Iléṣà. L'Òṣogbo tiwa, ẹni tó fẹ́ rajà á kọ́kọ́ bú ọjà ná, á ṣe bí ẹni ń lọ. Ta ló máa bú ọjà àna rẹ̀? Ìdọ̀bálẹ̀ ni mo fi wọ ṣọ́ọ̀bù, símẹ́ńtì tútù sì kí àyà mi káàbọ̀.

“Ọkọ Bùsọ́lá, káàbọ̀ s'ulé,” ni wọ́n wí. Ulé ni Ìjẹ̀ṣà ń pe ilé. Uṣu ni wọ́n ń pe iṣu, wọ́n sì ti ń gún un lẹ́yìnkùlé kí n tó dìde nílẹ̀. “Bọ́ọ̀dù wo ló wà nínú ẹ̀rọ rẹ?”

“486 ni, sà.” Bọ́ọ̀dù ni pátákó tí ọpọlọ ń jókòó lé nínú ẹ̀rọ.

Wọ́n gbé ọpọlọ méjì sórí tábìlì. Èkíní jẹ́ 486 tó yá díẹ̀ ju tèmi lọ. Èkejì ni Pentium tuntun, ó tóbi, ó ń dán. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ tó kàn ń tọ́jú iṣẹ́ kò nílò ọpọlọ akíkanjú. Mo sì rí àwọn ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ abẹ́ Pentium náà. Wọ́n pọ̀ ju ihò ara bọ́ọ̀dù mi lọ. Kò lè wọ̀ ọ́ láéláé.

“Èyí ni kí o mú,” ni Bàbá wí, wọ́n na Pentium sí mi. “Ṣé ó máa wọ bọ́ọ̀dù rẹ?”

“Á wọ̀ ọ́, sà.”

“Ó dá ọ lójú?”

“Ó dá mi lójú dáadáa, sà.” Mo tún dọ̀bálẹ̀, kí irọ́ náà lè ní ìwà ọmọlúwàbí.

Ẹ má bú mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe tẹ ìtàn wọn. Ní orí kìíní, wọ́n ní bàbá wọn ló kọ́kọ́ fi páànù kan ilé l'Ọ̀tan-Ilé. Ní orí karùn-ún, àbúrò bàbá wọn ni. Mo tẹ méjèèjì, mo sì fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀ dáadáa.

Bàbá wò mí títí. Wọn ò gbowó. Wọ́n wọlé lọ, wọ́n bu gàrí sínú àpò fún ọmọ wọn, wọ́n ní kí n máa lọ láyọ̀. Nínú mọ́tò, ojú ara mi tì mí. Mo ti fi ìtàn odidi èèyàn rúbọ nítorí ìtẹríba.

“Ṣé ó máa wọ̀ ọ́?” ni Bùsọ́lá ìyàwó mi kọ́kọ́ bi mí nígbà tí mo délé.

“Kò lè wọ̀ ọ́.”

“Ẹ ò sì sọ fún wọn?”

“Ta ni mí tí màá já bàbá rẹ nírọ́?”

Ó gbé àpò gàrí náà. Ó ń da gàrí sínú abọ́ nígbà tí ọ̀rá kékeré kan jábọ́ láti inú rẹ̀. 486 yẹn ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ká. Bùsọ́lá kà á sókè:

“Ọmọ mi, ọkọ rẹ sọ bọ́ọ̀dù rẹ̀ fún mi, mo sì mọ èyí tó bá a mu. Èyí tí kò lè wọ̀ ọ́ ni mo nà sí i, kó lè bá mi jiyàn. Ó dọ̀bálẹ̀. Èyí tó máa wọ̀ ọ́ nìyí; kó dá èkejì padà. Bí ìtàn mi bá yè, kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti dàgbà, mo ń gbàgbé. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń retí kó bi mí pé ta gan-an ló kọ́kọ́ kan páànù.”

Ọpọlọ náà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀rọ kò dákú, ìtàn sì délẹ̀ sórí díìsì. Mo mú bírò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ojú ìwé kìíní. Kí n tó dé ojú ìwé kẹwàá, ìbéèrè mi ti pé mọ́kànlá. Ohun tí mo kọ́ n'Iléṣà kò ju pé ẹni tó dọ̀bálẹ̀ ṣì ní ẹnu. Lọ́jọ́ Sátidé, màá tún ti Píjó gun òkè. Màá kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, lẹ́yìn náà màá bi wọ́n.