Ilé Lọ́lá ní Oǹdó

Ọmọ ìyá kan náà ni Ṣìkẹ́mi àti Lọ́lá, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Lọ́lá ti kó wọ ilé alájà méjì tí ọkọ rẹ̀ kọ́ sí Oǹdó, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ bí wọ́n bá ti dárúkọ ilé náà. Akọ̀wé kóòtù ni Ṣìkẹ́mi ní Àkúrẹ́. Lọ́dún tí epo bẹntiróòlù wọ́n gógó yẹn, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́, gaàrí sì ni oúnjẹ ọ̀sán àti talẹ́. Ìyá wọn tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ kò yé sọ ọ́ pé táìsì ilẹ̀ ilé Lọ́lá ń dán bíi dígí. Ṣìkẹ́mi ló ń fọ aṣọ ìyá yìí. Lọ́lá ni ìyá ń yìn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, fáìlì kan dé orí tábìlì rẹ̀. Kóòtù kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti dá Ọlábọ̀dé, ọkọ Lọ́lá tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, lẹ́bi pé ó lu àwọn arúgbó ibẹ̀ ní jìbìtì, wọ́n sì ti jù ú sẹ́wọ̀n. Wọ́n wá kọ̀wé sí ìjọba Nàìjíríà pé kí kóòtù tibí bá àwọn gba ilé tó fi owó náà kọ́, kí wọ́n tà á, kí àwọn arúgbó náà lè rí nǹkan gbà padà. Ìwé náà ti gba Àbújá kọjá. Adájọ́ ní Àkúrẹ́ sì ti fọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ilé náà títí ẹjọ́ yóò fi parí.

Ṣìkẹ́mi kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó yẹ kó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé àbúrò òun lọ̀rọ̀ náà kàn, kí wọ́n gbé fáìlì fún ẹlòmíràn. Kò sọ. Ara tù ú bí ẹni tó bọ́ bàtà tó há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Dúrótoyè, béélìfù tó máa ń lẹ ìwé kóòtù mọ́ ilé, ní àdírẹ́sì náà kò yé òun. Kò sẹ́ni tó bi Ṣìkẹ́mi.

“Mo mọ ilé náà,” ló wí. “N ó bá yín lọ.”

Lọ́lá fúnra rẹ̀ ló ṣí géètì. Inú rẹ̀ dùn láti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti ń pè wọ́n wọlé kó tó rí ìwé àti góòmù lọ́wọ́ Dúrótoyè. Ọkùnrin náà fara balẹ̀ ṣàlàyé, ó ní kò tíì sẹ́ni tó máa lé Lọ́lá jáde, àti pé ó lè gba lọ́yà. Lọ́lá ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lẹ ti mọ̀?”

“Ọ̀sẹ̀ méjì.”

“A jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú.”



Nígbà tó di oṣù keje, kóòtù gba ilé náà pátápátá. Lọ́lá kó ẹrù rẹ̀ wá sí Àkúrẹ́, sí yàrá ìyá wọn. Kò fẹjọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sun ẹnikẹ́ni. Ìyá fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún un, ó ń bu ẹja inú ọbẹ̀ tirẹ̀ sí abọ́ Lọ́lá, àwọn ìyá ìjọ sì ń wá tù ú nínú lójoojúmọ́. Ibi tí Ṣìkẹ́mi ti ń fọ abọ́ ní kíṣìnì ló ti gbọ́ tí ìyá àti Lọ́lá ń rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́fà ni ìyá ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kò bá a rín irú ẹ̀rín yẹn rí. Ó ṣí omi sí i kó má baà gbọ́ ọ mọ́.