Èéríà Rẹ̀ Dà?

Ó ju ogójì ọdún lọ tí bàbá mi fi tún rédíò ṣe ní Dópẹ̀mú. Ìgbálẹ̀ ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́ tó máa ń fún ọmọọṣẹ́ tuntun. Bí ọmọ náà bá mọṣẹ́ tán, yóò kúnlẹ̀ lọ́jọ́ fíríídọ́ọ̀mù, bàbá mi á gbọ́wọ́ lé e lórí, á ṣàdúrà fún un. Ó ṣe é fún ọmọ ọlọ́mọ títí. Nígbà tí èmi ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ mi, ó ní irin gbígbóná kì í ṣe ohun ìṣeré obìnrin, kí n lọ kàwé. Mo kàwé, mo di tíṣà, mo bímọ, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ò tán nínú mi. Ohun tí mo fẹ́ kò ju kó pè mí lọ́mọọṣẹ́ lọ.

Nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù, mo sì mú un wá sọ́dọ̀ mi ní Ìgàndó. Fàráńdà ló máa ń jókòó sí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ òsì. Àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi tó wà lókè òkun fi láptọ́ọ̀pù kan ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tí èèyàn ń tò fúnra rẹ̀. Bí nǹkan kan bá bàjẹ́ lára rẹ̀, wàá yọ ọ́, wàá fi òmíràn sí i. Òfìfo ló dé, kò sí ètò kankan tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Mo tò ó ní fàráńdà láàárọ̀ Sátidé, mo sì gbé ètò ọ̀fẹ́ kan sí i, èyí tí gbogbo ayé lè tú wò kí wọ́n sì tún un ṣe. Ó tàn. Mo jó díẹ̀, bàbá mi nìkan ló rí mi.

Ṣùgbọ́n kò rí Wáífáì. Fóònù mi ń rí ti gbogbo àdúgbò, òun kò rí ẹyọ kan. Mo tẹ àṣẹ kan, mo tẹ òmíràn, mo pa á, mo tún tàn án. Nígbà tí bàbá mi fi máa kírun Alásárì tán, mo ti ń bú láptọ́ọ̀pù náà bí ẹni ń bú ọmọ kíláàsì rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Kò gbọ́ Wáífáì, Bàbá. Ẹ má da ara yín láàmú, kọ̀ǹpútà ni, kì í ṣe rédíò."

"Ṣé inú afẹ́fẹ́ ló ti ń gbọ́ ọ?"

"Inú afẹ́fẹ́ ni, sà."

"Rédíò náà nìyẹn jàre. Èéríà rẹ̀ dà?"

Mo wá rántí. Nígbà tí mò ń tò ó, mo rí wáyà tín-ín-rín méjì, dúdú kan, funfun kan. Èéríà tó fi ń gbọ́ Wáífáì ni wọ́n, àmọ́ mo rò pé àṣẹ́kù ni, mo ká wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Wọ́n ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Mo kórìíra òwe yẹn láti kékeré, torí èmi ni bàbá mi máa ń pa á fún.

"Tú u," ó ní. "Kó o gbé àpótí mi wá."

Bí mo ṣe ṣí àpótí náà, òórùn lẹ́ẹ̀dì jíjó tó fi ń lẹ wáyà rédíò ti inú rẹ̀ jáde, omi lé ròrò sójú mi. Ó mú sikurudíráfà kékeré kan, ó gbé e fún mi, mo fi tú láptọ́ọ̀pù náà, mo sì fa wáyà méjèèjì jáde.

"Fi èékánná tẹ orí wáyà náà. Má fipá ṣe é."

Wáyà kìíní wọlé, ó dún táá. Ìkejì bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, inú bí mi. Bàbá mi fi ọwọ́ òsì rẹ̀ di ọwọ́ mi mú, wáyà náà sì wọlé. Mo na ọwọ́ sí ìdérí.

"Má dé e o! A kì í dé e kó tó sọ̀rọ̀."

Mo tàn án. Orúkọ Wáífáì àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí tò wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó ti gbọ́," bàbá mi ní, ohùn rẹ̀ lọlẹ̀.

Mi ò mọ ohun tó gbé mi kúnlẹ̀. Mo tẹrí ba, mò ń retí ọwọ́ rẹ̀ lórí mi.

"Kí nìyẹn? Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lónìí ló fẹ́ gba fíríídọ́ọ̀mù? Dìde jàre, lọ gbá ṣọ́ọ̀bù."

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí. Mo mú ìgbálẹ̀, mo gbá fàráńdà látòkè délẹ̀, mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi ìka òsì tọ́ka síbi tí mo fò.