Tíṣà Tó Ń Kọ́ Wa Bí A Ṣe Ń Tẹ́ Ibùsùn

Aṣọ ìbora tirẹ̀ ni tíṣà Sítáńdáàdì Síìsì wa l'Ọ́tà máa ń gbé wá sí kíláàsì. Á tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì, á tú u, á ní kí àwa náà tẹ́ ẹ, nítorí àwọn tó bá máa lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì l'Ábẹ́òkúta, tí wọn á máa sùn síbẹ̀.

"Ẹ má kó ẹkún mọ́ ẹrù o," ló máa ń wí. "Kò sí ìyá ẹnì kankan níbẹ̀."

Mo yege ìdánwò kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn ọmọbìnrin. Àwọn ìjọ Kristẹni tó ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní kí n kọ́kọ́ ṣèrìbọmi, kí n yí orúkọ mi padà. Mùsùlùmí ni bàbá mi, iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe. Tíṣà wá dọ̀bálẹ̀ fún un ní ṣọ́ọ̀bù.

"Orúkọ lásán ni, Bàbá. Ẹ jẹ́ ó lọ."

Bàbá mi ò gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ. "Ìwọ tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún, tí wọ́n yí orúkọ tìẹ padà, kọ́lẹ́ẹ̀jì wo lo lọ?"

Tíṣà dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀, ó lọ.

Ọmọ kíláàsì wa kan ni wọ́n fi rọ́pò mi. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló mú un wá kí bàbá mi rán yunifọ́ọ̀mù fún un. Tíṣà ò wò mí lójú. Èmi ni bàbá mi ní kí n ṣẹ́ etí aṣọ náà.