Èéfín Inú Jùsì Ìyá Tiwa

Bí ẹ bá dé Boundary ní Ajégúnlẹ̀, tí ẹ béèrè Morádéún, wọn á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè Ìyá Jùsì. Oníkẹ̀kẹ́ tí kò mọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ pàápàá yóò gbé yín dé ìdí tábìlì rẹ̀.

Obìnrin náà nímú, ẹ jọ̀ọ́! Kó tó fi ọ̀bẹ kan ọ̀pẹ̀ òyìnbó, á ti gbé e símú, á ní, "Èyí ti kú kó tó wọ ọkọ̀." Bó sì ṣe wí náà ni. Ọkọ rẹ̀ kì í dán an wò kó mu bíà kó tó wọlé.

Ohun tó ń wá kò pọ̀: ibi tí kẹ̀kẹ́ ò ti ní máa kọ lu tábìlì rẹ̀. Ibẹ̀ sì wà. Abẹ́ igi fúrúùtù kan ni, nínú ọgbà Àlájì Yínúsà ní Apapa, níbi tí àwọn àjẹ́ǹtì tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní Wáàfù háyà ọ́fíìsì sí. Ó ti bẹ Àlájì títí, ẹnu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Àlájì ní, "Jẹ́ kí n tọ́ jùsì rẹ wò ná. Mi ò lè gbé ohun tí yóò run mí nínú sí ẹnu ọ̀nà mi."

Ọ̀kan nínú àwọn àjẹ́ǹtì náà, Ọlábánjí, ló bá a lànà. Oníbàárà rẹ̀ kan ti fún un ní ìgò ọtí láti Mẹ́síkò, mẹsikáàlì ni wọ́n ń pè é, ó sì fẹ́ fi ṣe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lálejò lọ́sàn-án Sátidé.

"Ìyá Tiwa, ẹ gbé bílẹ́ńdà yín wá. Ẹ bá wa lọ ọtí yìí mọ́ ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti máńgòrò. Ẹ wá lọ ti Àlájì lọ́tọ̀, láìsí ọtí. Bó bá ti dùn mọ́ wọn lẹ́nu, àyè yín nìyẹn."

Ọmọ ìjọ ni Morádéún, kì í mutí. Ṣùgbọ́n ó rò ó títí, kò rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kéèyàn má lọ̀ ọ́.

Bílẹ́ńdà kan àti jọ́ọ̀gì rẹ̀ méjì ló gbé lọ. Èyí tó jẹ́ ti Àlájì ṣì wà nínú ọ̀rá, ojú Àlájì gan-an ló sì ti tú u. Ó kọ́kọ́ dojú kọ ti àwọn ọlọ́tí: ó gé èso sí i, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, ó da yìnyín àti ọtí sí i, ó tẹ bọ́tìnnì. Kíá, èéfín ta sí i nímú.

"Yééè! Bílẹ́ńdà mi ti jó o!"

Ó fa wáyà yọ. Ephraim tó ń ṣọ́ gétì gbé garawa iyanrìn, ó ń sáré bọ̀, bàtà rẹ̀ kan ti bọ́ sọ́nà. Àwọn àjẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn.

"Ẹ fara balẹ̀, Ìyá Tiwa," Ọlábánjí ní. "Ọtí náà ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Inú kòtò ni wọ́n ti ń fi igi sun ìdí ewéko tí wọ́n fi ń ṣe é."

Morádéún gbé ìgò símú. Òótọ́ ni. Ó pòṣé.

"Ẹ gbà mí! Bí ọbẹ̀ tèmi bá ń rùn bí èéfín, ọkọ mi ò ní fọwọ́ kàn án. Tiwọn, wọ́n rọ ọ́ sígò, wọ́n ń fi ta èèyàn lọ́rẹ!"

Àwọn ọlọ́tí mu tiwọn, wọ́n ń pọ́n ètè lá. Ó wá kan ti Àlájì. Morádéún gbé jọ́ọ̀gì tuntun lé ìdí bílẹ́ńdà kan náà: máńgòrò, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, atalẹ̀, àti yìnyín ńláńlá, kó lè tutù dáadáa. Bílẹ́ńdà ń kùn, ó ń kérora. Èéfín tún ta. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ sídìí wáyà nígbà tí Chinedu, àjẹ́ǹtì kan, pariwo.

"Madam, no fear! Na the drink!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. "Ọtí ni! Ọtí ni!" Ojú ti Morádéún láti ké lẹ́ẹ̀kejì. Ó fọwọ́ sẹ́yìn, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Àlájì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó mú fìlà rẹ̀.

"Ọtí? Nínú tèmi? Ojú mi níbí lo fẹ́ ti fún mi lọ́tí mu?"

Morádéún ń wo abẹ́ igi fúrúùtù bó ṣe ń lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Àlájì, mo fi Bíbélì búra, kò sí ọtí níbẹ̀!"

"Kí ló wá ń rùn?"

Ìbéèrè yẹn ló la ojú rẹ̀. Bí kò bá sí ọtí níbẹ̀, kí ló ń rùn lóòótọ́? Ó bojú wolẹ̀. Èéfín dúdú ń rú jáde nídìí bílẹ́ńdà. Bó ti ń wò ó, iná yọ.

Mi ò tíì rí ẹni tó yọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nítorí àdánù. Morádéún fò sókè, ó ń jó.

"Iná ni! Àlájì, ẹ wá wò ó, iná gidi ni! Ọlọ́run, o ṣeun, bílẹ́ńdà mi ló ń jó!" Ó kọjú sí gétì. "Ephraim, iyanrìn!"

Ephraim ò tilẹ̀ dìde lórí bẹ́ǹṣì. "Madam, na the drink."

Àlájì fúnra rẹ̀ ló fa wáyà, tó gbé garawa, tó da iyanrìn lé e. Ìgbà tó wo obìnrin tó ń jó yí bílẹ́ńdà ara rẹ̀ tó jóná ká, ẹ̀rín gbé e, ó ní láti jókòó.

"Èéfín nìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀," ó ní. "Mọ́ńdè, wá bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi yẹn."

Morádéún kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ títí. Ìgbà tó fẹ́ dìde ló rí bílẹ́ńdà náà nínú iyanrìn, dúdú kirikiri. Oúnjẹ ilé rẹ̀ ló jó yẹn. Ijó kúrò lára rẹ̀ pátápátá.

"Àlájì, kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?" Ó nu ojú, ó fi ìka tọ́ bílẹ́ńdà. "Ẹ sì wò ó, ó lọ tàwọn ọlọ́tí tán, kò ṣe é ní nǹkan kan. Tiyín ló pa á."

Àlájì wò ó, ó wo bílẹ́ńdà.

"Ẹnu rẹ mú ju imú rẹ lọ," ó ní. "Ephraim, mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wá, kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bílẹ́ńdà."